Ta Ní Ń Kọrin Fọ́mọ?

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín ọ̀pọ̀ òbí tó kàwé, tó ti fìdí múlẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kì í bèèrè orísun rẹ̀ mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí a bá ń fi orin àwọn ògbóǹtarìgì olórin ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, pàápàá jù lọ orin Mozart, sí ọmọ létí láti ìgbà tó ti wà nínú oyún, ọpọlọ ọmọ náà yóò jí pépé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà kan, inú kásẹ́ẹ̀tì ni orin náà wà. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sínú àwo pẹlẹbẹ. Lónìí, inú fóònù ni a ti ń rí i. Ìkòkò tí a ń gbé e sí ń yí padà, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, mo fẹ́ kí a wo ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀. Èkejì, mo fẹ́ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí ní tòótọ́ nípa ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọdé ń gbà pàdé orin. Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, mo fẹ́ kí a fi ìmọ̀ wọ̀nyí yẹ orin ọmọdé Yorùbá wò, kí a lè mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó hàn sí mi pé ìbéèrè tí àwọn òbí ń bèèrè gan-an ni kò tọ̀nà. Wọ́n ń bèèrè pé, "Irú orin wo ló ń mú kí ọpọlọ ọmọ jí?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, "Ta ní ń kọrin fọ́mọ?"

Ní ọdún 1993 ni Frances Rauscher, Gordon Shaw àti Katherine Ky, ní Yunifásitì California tó wà ní Irvine, tẹ àbọ̀ ìwádìí kékeré kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Nature. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásitì 36 ni wọ́n lò. Wọ́n fi orin tí Mozart kọ fún dùùrù méjì sí wọn létí fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà mìíràn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìtura inú kásẹ́ẹ̀tì sí wọn létí. Nígbà kẹta, wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó ní ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí wọ́n wo àwòrán bébà tí a ká, tí a sì fi àlùmọ́gàjí gé, kí wọ́n sọ bí bébà náà yóò ṣe rí bí a bá tú u. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn orin Mozart; bí a bá fi òṣùwọ̀n làákàyè wọ̀n ọ́n, ìyàtọ̀ náà tó máàkì 8 tàbí 9. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà fúnra wọn sọ ọ́ gbangba pé àǹfààní yìí kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ tó fi pòórá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì: àǹfààní náà kò tó ìdajì wákàtí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọdé kan ṣoṣo nínú ìwádìí náà.

Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu onímọ̀, ó bọ́ sẹ́nu ọlọ́jà. Ní ọdún 1997, Don Campbell gbé ìwé ńlá kan jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní The Mozart Effect. Nígbà tó di ọdún 1998, Zell Miller, tí í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n ya 105,000 dọ́là sọ́tọ̀ kí gbogbo ọmọ tuntun ìpínlẹ̀ náà lè rí orin irú èyí gbà lọ sílé. Ohun tí a rí lára àgbàlagbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti wá di ohun tí a fẹ́ fi tún ayé ọmọ ọwọ́ ṣe títí láé.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ọdún 1999, Christopher Chabris kó àbọ̀ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, ó sì rí i pé ohun tí orin Mozart ń fi kún òye kò tó nǹkan. Ní ọdún yẹn kan náà, Kristin Nantais àti Glenn Schellenberg ṣe ohun kan tó yẹ kó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ nínú: wọ́n fi ìtàn tí Stephen King, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, kọ rọ́pò ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ṣe dáadáa lẹ́yìn ìtàn. Àwọn tó fẹ́ràn orin ṣe dáadáa lẹ́yìn orin. Ní ọdún 2005, Schellenberg àti Susan Hallam ròyìn ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ ọlọ́dún 10 àti 11 tó lé ní 8,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: orin ìgbàlódé tí àwọn ọmọ náà mọ̀, irú èyí tí ẹgbẹ́ olórin Blur ń kọ, ló ṣe wọ́n láǹfààní, kì í ṣe Mozart. Nígbà tó di ọdún 2010, Jakob Pietschnig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna, ìlú tí Mozart gan-an gbé, kó ìwádìí bí 40 jọ, wọn kò sì rí agbára àrà ọ̀tọ̀ kankan lára orin náà. Kí ni gbogbo èyí kọ́ wa? Ohun tó bá dùn mọ́ ènìyàn nínú máa ń ta á jí. Ẹni tó bá sì jí, iṣẹ́ rẹ̀ yóò yá díẹ̀ ju ti ẹni tó ń tòògbé lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí irú ìgbàgbọ́ yìí yé Yorùbá kíákíá, nítorí pé a ní orúkọ fún un. Ìsọ̀yè ni. Ìsọ̀yè ni oògùn tí a ń lò kí ohun tí ènìyàn bá kọ́ má baà bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn òbí ti sọ Mozart di ìsọ̀yè: a bù ú fún ọmọ, a lọ síbi iṣẹ́ wa, a ń retí kí ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ìsọ̀yè gan-an kò fi í rọ́pò ẹ̀kọ́. Ọmọ awo tó lo ìsọ̀yè ṣì ń jókòó ti olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò máa pe ẹsẹ Ifá tẹ̀lé e, olúwo yóò sì máa tún un ṣe nígbà tó bá ṣìnà. Ẹni méjì ló wà nídìí ẹ̀kọ́ náà. Àṣìṣe tó wà nínú ìgbàgbọ́ nípa Mozart ni pé ó yọ ẹnì kejì kúrò.

Kí ni ọpọlọ ọmọdé ń ṣe sí orin, nígbà náà? Ó ń ṣe ohun tó pọ̀ ju èyí tí àwọn tó ń ta àwo orin lérò lọ. Etí ọmọ ti ń gbọ́ràn kí ó tó wáyé. Ní ọdún 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer fi hàn pé ọmọ tuntun tí kò ì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé ti mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn, yóò sì yí bó ṣe ń mu ọmú àtọwọ́dá padà kí ó lè gbọ́ ohùn náà. Ní ọdún 2009, István Winkler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hungary àti Netherlands fi ẹ̀rọ tí ń ka iná ọpọlọ sí orí àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ń sùn, wọ́n ń fi ìlù sí wọn létí. Nígbà tí wọ́n bá yọ ìdún tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ ìlù náà kúrò, ọpọlọ àwọn ọmọ náà ta kìjí, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá wá àkàsọ̀ tí kò bá a. Ọmọ tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń retí ìlù.

Ẹ̀wẹ̀, etí nìkan kọ́ ni ọmọ fi ń gbọ́ ìlù. Ní ọdún 2005, Jessica Phillips-Silver àti Laurel Trainor, ní Kánádà, fi ìlù kan tí kò ní ìtẹnumọ́ níbì kankan sí àwọn ọmọ oṣù 7 létí. Wọ́n ń gbé àwọn kan sókè sódò ní ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ń gbé àwọn yòókù ní ẹ̀ẹ̀mẹta-ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ìlù tó bá ọ̀nà tí a gbà gbé e mu. Ìlù kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Ara ni ó sọ fún etí bí yóò ṣe gbọ́ ọ. Àwọn tó kàn ń wo ẹlòmíràn bó ṣe ń jó kò rí irú àǹfààní yìí.

Ìwádìí kan tún wà tó yẹ kí ó mú wa ronú jinlẹ̀. Ní ọdún 2005 kan náà ni Erin Hannon àti Sandra Trehub rí i pé ọmọ oṣù 6 ní Amẹ́ríkà ti Àríwá lè mọ̀ bí a bá ba ìgbésẹ̀ ìlù jẹ́ nínú orin ilẹ̀ rẹ̀, ó sì lè mọ̀ nínú orin agbègbè Balkan bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbésẹ̀ ìlù ti Balkan máa ń ta kókó létí àjèjì. Nígbà tí ọmọ bá fi pé oṣù 12, ti ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń mọ̀ dáadáa. Bí a bá wá fi orin Balkan sí ọmọ oṣù 12 létí nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀kùn náà á tún ṣí. Àgbàlagbà kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo orin ni àwọn ọmọ náà gbọ́ nílé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé orin inú ẹ̀rọ kò kan ọmọ. Ó kàn án. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ etí ọmọ di ọmọ ibi tí orin náà ti wá. A bí etí sí gbogbo ayé, ilé ni ó ń sọ ọ́ di ọmọ ìlú kan.

Bí orin inú ẹ̀rọ bá lè ṣe èyí, kí ni ènìyàn tún wá ṣe níbẹ̀? Ìdáhùn kan wà nínú iṣẹ́ tí Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe orin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àwọn ọmọ oṣù 9 ní Amẹ́ríkà bá ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà ṣeré lójúkojú ní ìgbà 12, etí wọn sì la sí ìró kan tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn rí ẹni kan náà nínú tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Wọn kò kọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 2014, Laura Cirelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọmọ oṣù 14 tí a gbé jó ní ìgbésẹ̀ kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà tó dojú kọ ọ́ máa ń ṣe tán láti ran àgbàlagbà náà lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ń fi ènìyàn mọ ènìyàn. Bí kò bá sí ènìyàn nídìí rẹ̀, àdánù ńlá ni.

Pẹ̀lú ìmọ̀ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a wá wo orin ọmọdé Yorùbá. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ kì í sáábà kà á sí. A máa ń lo ojú ìwé tó pọ̀ lórí ìjálá, lórí rárà, lórí ẹkún ìyàwó àti ẹsẹ Ifá. Bó bá kan orin ọmọdé, a ó sọ pé ó ń dá ọmọ lára yá, ó ń kọ́ ọ ní ìwà, a ó sì kọjá. Ìwà tí orin ń kọ́ ni a ń wò, a kò wo bí ó ṣe ń kọ́ ọ.

Orin ìrẹmọlẹ́kún ni kí a fi ṣáájú. Ẹ̀yìn ni ibùjókòó rẹ̀. Ìyá tàbí ìyá àgbà pọn ọmọ, ó ń fi ọwọ́ gbá a ní ìdí jẹ́jẹ́, ó ń mi ara, ó ń kọrin, ó ń ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ láàárín orin. Ohùn ìyá ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí àyà ọmọ kí ó tó gba etí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi ọwọ́ gbé ọmọ ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọjà ni àwa fi ń ṣe é láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé orin lásán ni èyí. Ní ọdún 2015, Mariève Corbeil, Sandra Trehub àti Isabelle Peretz fi hàn pé bí ọmọ tí kò ì pé ọdún kan bá ń gbọ́ orin ní èdè tí kò gbọ́ rí, ó ń tó bí ìṣẹ́jú 9 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni, bí ìṣẹ́jú 4 ni sùúrù rẹ̀ ń tó. Èyí jẹ́ ohùn àjèjì, inú ẹ̀rọ ló sì ti wá. Ẹ wá ro bí yóò ti rí nígbà tí ohùn bá jẹ́ ti ẹni tó pọn ọmọ, tí orúkọ inú orin sì jẹ́ orúkọ ọmọ náà.

Lẹ́yìn èyí ni orin inú àlọ́. A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé orin ń dá àlọ́ dúró kí ara má baà wọ olùgbọ́, pé ó ń fa ìtàn síwájú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Apàlọ́ ló ni lílé, ọmọ ló ni ègbè. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò lè tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti ní ibi tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá gbè é, àlọ́ kò lè lọ síwájú. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí lílé ń lọ, ó gbọ́dọ̀ fi ọkàn ka àkókò, kí ó sì wọlé ní ibi tó yẹ kí ó wọlé gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ègbè àlọ́ ni kò ní ìtumọ̀ tí a lè tọ́ka sí. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ègbè náà ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ìtumọ̀, àkókò ni. Ó ń kọ́ ọ láti dúró de ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni orin eré òṣùpá, irú èyí tí a ń kọ sí ẹkùn mẹ́ran tàbí bojúbojú. Nínú èyí, orin ni òfin eré. Ibi tí orin bá dé ni ẹsẹ̀ ń dé. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin dáadáa, ẹkùn yóò gbé e. Ọmọ ń kọrin, ó ń sáré, ó ń ṣe bí ẹranko, ó ń di ọwọ́ ẹlòmíràn mú kí agbo má baà já. Glenn Schellenberg tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ìwádìí kan ní Toronto, tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ó pín àwọn ọmọ ọlọ́dún 6 tí wọ́n jẹ́ 144: àwọn kan kọ́ dùùrù, àwọn kan kọ́ orin kíkọ, àwọn kan kọ́ eré orí ìtàgé, àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Àwọn tó kọ́ orin fi nǹkan díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lórí òṣùwọ̀n làákàyè. Àwọn tó kọ́ eré orí ìtàgé ló sàn jù nínú bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn gbé. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí díẹ̀ yẹn: ní ọdún 2020, Giovanni Sala àti Fernand Gobet kó ìwádìí 54 jọ, wọ́n sì ní bí a bá ṣe ìwádìí náà bó ṣe yẹ, ẹ̀kọ́ orin kì í fi nǹkan kan kún làákàyè ọmọ. Mo gba èyí láìjanpata. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni pé wọ́n ní láti ya orin sí yàrá kan, kí wọ́n ya eré sí òmíràn, kí wọ́n tó lè wọ̀n wọ́n. Àwọn tó dá eré òṣùpá sílẹ̀ kò yà wọ́n.

Ìdí tó jinlẹ̀ jù tí orin ọmọdé Yorùbá fi ṣe pàtàkì ni ohùn. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn mẹ́ta. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ló ya ọkùnrin ilé sọ́tọ̀ kúrò lára irin oko, tó ya ohun ìrìn àjò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ogun. Ọdún kìn-ín-ní láyé ni ọmọ ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí tí Phil Harrison gbé jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọn kò ju oṣù 6 sí 8 lọ ti ń fetí sí ìyàtọ̀ ohùn lọ́nà tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ wọn kì í gbà fetí sí i. Ní ọdún 2006, Karen Mattock àti Denis Burnham fi èyí tó jọ ọ́ hàn: ọmọ oṣù 9 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn nínú ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi violin gbé ohùn kan náà jáde, ó ń gbọ́ ọ. Etí ọmọ náà kò kú. Èdè ilé rẹ̀ ló sọ fún un pé kí ó má ka ohùn sí nínú ọ̀rọ̀. Ọmọ Ṣáínà, tí èdè rẹ̀ jẹ́ olóhùn bíi tiwa, ń gbọ́ méjèèjì.

Ẹni tó bá ti gbọ́ dùndún rí kò ní ya ẹnu sí èyí. Ọ̀rọ̀ àti orin kò jìnnà síra lọ́dọ̀ wa. Akin Euba fi ìwé odidi kan ṣàlàyé iṣẹ́ dùndún ní ọdún 1990. Ní ọdún 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn olùgbọ́ ṣe ń mọ ìgbà tí dùndún ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó ń kọrin. Ọmọ ìdílé Ayàn kì í dúró dìgbà tó bá dàgbà kí ó tó mọ ìyàtọ̀ yìí. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

Nínú orin tí Yorùbá fi ọwọ́ ara wọn dá, ohùn orin kì í sáábà tako ohùn ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, orin á bá a lọ sókè. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n já okùn yìí. T. K. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church Cathedral ní Èkó, kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní ọdún 1953, láti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Àwọn àgbàlagbà gba orin inú ìwé àwọn míṣọ́nnárì mọ́ra, nítorí pé ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ lè fi ọkàn tún ohùn tó wọ́ ṣe. Ọmọdé ń kọ́? Ọmọ tó jẹ́ inú orin ló ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ kò ní ohun tí yóò fi tún un ṣe. Bí a bá wá lọ sí àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa lónìí, orin Yorùbá díẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ohùn orin àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi gbé e. Ọ̀rọ̀ jẹ́ Yorùbá, ohùn kì í ṣe Yorùbá. Èyí burú ju kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé lọ.

Èmi kò bá orin ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì jà. Orin náà ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ni ín. Ní ọdún 1989, Peter Bryant, Lynette Bradley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ irú orin bẹ́ẹ̀ dáadáa ní ọmọ ọdún 3 ń mọ̀wé í kà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tó bá di ọmọ ọdún 6. Kí ló fà á? Ìparí ọ̀rọ̀ inú orin wọn máa ń jọ ara wọn ní ìró. Bí ọmọ ṣe ń kọ ọ́ ni etí rẹ̀ ń kọ́ láti tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ sí ìró-ìró, èyí tí ìwé kíkà ní Gẹ̀ẹ́sì nílò. Orin náà bá èdè mu ni ó ṣe ṣiṣẹ́. Ewì Yorùbá kì í gbára lé ìjọra ìparí ọ̀rọ̀. Àwítúnwí àti fífi ohùn òkè kojú ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń ṣe ọnà. Nítorí náà, ohun tí orin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, orin Yorùbá nìkan ló lè ṣe é fún èdè Yorùbá lẹ́nu ọmọ wa. A yá ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀, a sì rò pé ara wa ló sanra.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orin nìkan mọ́. Láti ọdún 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà wọ̀nyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìpìlẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti ilẹ̀kùn, ibo ni ọmọ yóò ti pàdé ohùn èdè rẹ̀ bí kò ṣe nílé, nínú orin?

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣọ́ra kí á má sọ orin tiwa náà di ìsọ̀yè. Èmi kò ní sọ fún òbí kankan pé orin òṣùpá yóò mú kí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo orin àtijọ́ ló yẹ ní kíkọ. Àwọn kan wà tó ń fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí wọ́n wà ni kí wọ́n wà. Bákan náà, àwọn kan ti ń ya àwòrán tó ń rìn sí orin Yorùbá, wọ́n ń fi í sínú fóònù fún àwọn ọmọ. Iṣẹ́ náà dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo orin Yorùbá nínú fóònù nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wo fóònù tirẹ̀ kò ní ẹni tó ń gbè é. Orin wa ni, ègbè kò sí níbẹ̀.

Àwọn Yorùbá tó wà ní London àti Houston yóò sọ pé ìyá àgbà jìnnà. Ní ọdún 2014, Sarah Roseberry, Kathy Hirsh-Pasek àti Roberta Golinkoff rí i pé ọmọ tí kò ì pé ọdún mẹ́ta lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ ní àkókò kan náà, bí ẹni pé onítọ̀hún wà níwájú rẹ̀. Kò rí i kọ́ nínú àwòrán tí a ti ká sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà lójú ẹ̀rọ ń dáhùn. Ìyá àgbà tó wà ní Ìbàdàn lè pa àlọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní London, kí ó lé orin, kí ó sì dúró kí ọmọ náà gbè é.

Òṣùpá kò ní yọ sí àgbàlá bíi ti àtijọ́ mọ́; iná mànàmáná ti gba ipò rẹ̀, ògiri sì ti pín àgbàlá sí wẹ́wẹ́. Ohun tó kù kò tíì wọ́n. Ìṣẹ́jú tí a fi ń wẹ ọmọ, èyí tí a fi ń dirun fún un, èyí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fi dá wa dúró lójú ọ̀nà ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ ló gba orin. Ohùn òbí ì báà má dùn, ọmọ kò bèèrè ohùn dídùn. Ó ń dúró de lílé, kí ó lè gbè é.